Ìwé ni a fi í dá ìwé lóhùn

Inú lẹ́tà kan ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ti jáde wá, èyí tí olùkọ́ kan kọ sí wa láti Ìjerò. Ó ní òun kó àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́wàá jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé láti máa ka àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́, nípa ìjọba, àti nípa ìtàn ilẹ̀ wa. Inú gbogbo wọn dùn sí i, títí wọ́n fi kan ìwé ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa ìtàn àwọn Yorùbá. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ìwé náà dé, ó sì wí pé, "Ìwé àwọn tí ó kó àwọn bàbá wa lẹ́rú nìyí. Èmi kò ní í kà á mọ́." Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dá a lóhùn pé ohunkóhun tí a bá ti tẹ̀ sínú ìwé, òtítọ́ ni, nítorí pé ọ̀mọ̀wé ni ó kọ ọ́. Àríyànjiyàn náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá ọ̀kan nínú wọn fi wá sí ilé olùkọ́ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun kò ní í jẹ́ kí ọmọ òun tún lọ sí ibi tí a ti ń ka ìwé tí ń dá ìjà sílẹ̀. Olùkọ́ náà wá ń bèèrè lọ́wọ́ wa pé: Kí ni kí òun ṣe? Ṣé kí òun gbé ìwé náà tì, tàbí kí àwọn máa kà á lọ?

Ìdáhùn wa ni pé kí wọ́n máa kà á lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti ọ̀dọ́mọbìnrin náà ni ó ṣìnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí oníkálukú wọn gbà ṣìnà yàtọ̀ sí ara wọn. Ọ̀kan kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́. Èkejì gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, ó sì dá a. Àwọn àgbà wa sì wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó kọ ìwé náà. Ní ọdún 1846 ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú. Ọ̀yọ́ ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Nígbà tí ó padà wá sí ilẹ̀ yìí, Ìbàdàn ni ó ti ṣiṣẹ́ ìjọ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni ó sì di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rántí ìtàn àwọn ọba, wà lára àwọn tí ó gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn. Nítorí náà kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé Ọ̀yọ́ ni ó fi ṣe ọ̀pó àárín ilé nínú ìwé náà, tí àwa tí a wà ní Èkìtì sì dàbí ẹni tí ó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí òkèèrè tí ó ń sọ àhesọ nípa ogun wa. Ẹ ó rántí pé ní ọdún 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa àjẹlẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú rẹ̀, àti pé láti inú iná kékeré yìí ni ogun ńlá ti ràn. Àwọn Èkìtì, àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà ni olórí ogun Ìbàdàn, ojú ogun náà ni ó sì kú sí ní ọdún 1885. Láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni àwọn ibùdó méjèèjì dojú kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó di ọdún 1886, Gómìnà Moloney ti Èkó rán àlùfáà méjì láti gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń jagun. Charles Phillips ni ọ̀kan. Samuel Johnson yìí kan náà ni èkejì. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, tí a sì gbà pé kí àwọn ọba Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà máa ṣe àkóso ara wọn. Johnson fi ọ̀rọ̀ àdéhùn náà sínú ìwé rẹ̀. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó pa ìwé dé ní Ìjerò yẹn tún un ṣí. Yóò rí i pé a dárúkọ Ajerò ti Ìjerò níbẹ̀, pẹ̀lú Ọwá Iléṣà, Ọọ̀rẹ̀ ti Ọ̀tùn àti Olójùdó ti Ìdó. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọba ìlú rẹ̀ sínú ìwé, kò sì mọ̀.

Ó tọ́ nísinsìnyí kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, nítorí pé kì í ṣe orí ìjókòó ọlọ́gbọ́n ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, bí kò ṣe orí ìjókòó ẹni tí ó pàdánù.

Ní ọdún 1967, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo yá ìwé Johnson, mo sì gbé e lọ sí abúlé wa, tí kò jìnnà sí Àrámọ̀kọ, ní àsìkò ìsinmi Kérésìmesì. Bàbá tí ó bí bàbá mi kò mọ̀wé, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Ní alaalẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti jẹun tán, yóò ní, "Gbé ìwé ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ nì wá." Èmi a kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èmi a sì túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ti lè ṣe é. Bàbá àgbà a máa bá ìwé náà jiyàn bí ẹni pé ẹni tí ó kọ ọ́ jókòó tì wá lẹ́bàá iná. Bàbá tirẹ̀ ti ru ẹ̀tù lọ sí ibùdó Èkìtìparapọ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wí fún mi pé, "Ọmọ mi, ẹni tí ó kọ ìwé yìí dúró ní òdì-kejì àfonífojì. Ohun tí a lè rí láti ibẹ̀ ni ó rí. Ó ka àwọn balógun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó ka àwọn obìnrin tí ó ń ru iṣu lọ sí ibùdó? Ta ni ó ka àwọn tí a kó lọ kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀?"

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ka ibi tí Johnson ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn àjẹlẹ̀ Ìbàdàn ní àwọn ìlú Èkìtì. Kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ rárá. Ó sọ bí wọ́n ti ni àwọn ènìyàn lára, ó sì jẹ́ kí ó hàn pé ìnilára náà ni ó sún wọn dé ibi tí wọ́n fi dìde. Bàbá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, "Ṣé òun náà ni ó sọ bẹ́ẹ̀, tàbí ìwọ ni o fi kún un nítorí tèmi?" Mo ní òun náà ni. Ó ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí mo parí, ó wí pé, "Nígbà náà, ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀tá. Ẹlẹ́rìí ni. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kì í parí ẹjọ́."

Mo ṣe ìlérí fún un pé nígbà tí mo bá tún dé ní ìsinmi Àjíǹde, èmi yóò kọ gbogbo ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, kí ó lè di ìwé. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé abúlé ní ọdún 1968, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ti sin ín. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní olónìí, orúkọ nìkan ni ó sì wà nínú rẹ̀. Bàbá àgbà dárúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ kan fún mi, obìnrin, tí a kó lọ, tí a kò sì rí mọ́. Ó dárúkọ rẹ̀ fún mi nígbà méjì. Èmi kò rántí orúkọ náà mọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé tí mo lè bi í.

Ẹ wo bí èyí ti yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Johnson. Ní ọdún 1897 ni ó parí rẹ̀. Ó kọ ọ́ nítorí pé àwọn àgbà tí ó mọ ìtàn ń kú lọ, kò sì fẹ́ kí ìtàn bá wọn lọ. A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí i mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi ṣe é kù nílẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, sì jókòó, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a tún fi ránṣẹ́ ní ọdún 1916, inú ọkọ̀ ojú omi Appam ni ó wà nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, tí wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ní ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì lé ní ẹgbẹ̀ta ojú ewé. Dókítà náà ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ẹ̀yin ará, ìwé tí ó sọnù pátápátá tún padà wá, nítorí pé àkọsílẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà mi kò kúrò ní ilé wa rí, kò wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sí ọ̀tá tí ó gbà á lọ́wọ́ wa; síbẹ̀ ó ṣègbé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́.

Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 1971, ìwé kan jáde tí ó ṣe ohun tí èmi kò ṣe. S. A. Akintoye, ọmọ Èkìtì tí a bí ní Adó, ni ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ nípa bí agbára Ìbàdàn ti gbòòrò àti bí Èkìtìparapọ̀ ti dìde ni ó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ àwọn ìwé àtijọ́ wò, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn tiwa, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ láti òdì-kejì àfonífojì. Kò bú Johnson. Ó kà á, ó lò ó níbi tí ó ti wúlò, ó sì sọ ohun tí Johnson kò lè rí. Ẹ sì kíyè sí ohun kan tí ó yẹ kí ó fa ẹ̀rín músẹ́ sí wa lẹ́nu: Yunifásítì Ìbàdàn, ní ìlú tí àwọn bàbá wa bá jagun, ni ọmọ Èkìtì yìí ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tí ó fi kọ ìwé náà. Bí àwọn bàbá wa bá ti fi ìbọn dá ara wọn lóhùn, àwọn ọmọ wọn ti mọ ọ̀nà tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ni ó ti kọ ọ́ rí pé àwọn bàbá wa kò mọ Ọlọ́run kan tí ó ju gbogbo òrìṣà lọ. Àwọn kan nínú wa bínú, àwọn mìíràn gbà á gbọ́ láìwádìí. Ní ọdún 1962 Bolaji Idowu, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tẹ ìwé jáde nípa Olódùmarè, ó sì fi ẹsẹ Ifá àti òwe àwọn àgbà ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 1947 ẹ̀wẹ̀, Obafemi Awolowo tẹ ìwé kan jáde nípa ọ̀nà òmìnira Nàìjíríà, ní àkókò tí ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹni tí kò bá gba ohun tí àwọn méjèèjì wí lè kọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ sì ti kọ tiwọn. Báyìí ni ìmọ̀ ṣe ń dàgbà láàárín ènìyàn.

Nítorí náà, a ní ìmọ̀ràn mẹ́rin fún olùkọ́ wa ní Ìjerò àti fún gbogbo ilé tí ìwé bá wọ̀.

Èkíní, ẹ ka ìwé dé òpin kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bí mo bá ti pa ìwé Johnson dé ní ibi tí bàbá àgbà kọ́kọ́ ti bínú, kì bá tí gbọ́ ibi tí òǹkọ̀wé náà ti jẹ́rìí fún wa.

Èkejì, ẹ bèèrè ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí. Ta ni í ṣe? Ẹnu àwọn wo ni ó ti gbọ́ ọ? Èwo ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí, èwo sì ni a sọ fún un? Kì í ṣe kí a lè fi ṣáátá rẹ̀ ni a ṣe ń bèèrè bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe kí a lè mọ ibi tí ojú rẹ̀ dé àti ibi tí kò dé.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ní ilé. Àgbà ni bàbá àgbà mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n òun náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan àfonífojì náà. Gbogbo ìlú ni ó ń fẹ́ kí ìtàn gbé òun ga, kò sì sí ìlú tí ó máa ń fẹ́ sọ nípa àwọn tí òun náà kó lẹ́rú. Ẹni tí ó bá fẹ́ òtítọ́ gbọ́dọ̀ ṣe tán láti gbọ́ èyí tí kò dùn mọ́ ìdílé tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ, ẹ kọ èsì yín sílẹ̀. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí inú bí yẹn mú ìwé àkọsílẹ̀, kí ó kọ ojú ewé tí inú ti bí i, ohun tí Johnson wí níbẹ̀, ohun tí òun gbọ́ ní ilé, orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ fún un, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí kò bá sí ohun kan tí ó gbọ́ ní ilé, a jẹ́ pé ìbínú rẹ̀ kò tíì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Kí ó lọ bèèrè.

Ní ti bàbá tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ mọ́, a bẹ̀ ẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ó má ṣe dá ọmọ náà dúró. Kì í ṣe ìwé ni ó dá ìjà yẹn sílẹ̀, sà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ilé kí ìwé tó dé, ìwé kàn ṣí ìdérí rẹ̀ ni. Kí bàbá náà fúnra rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ lọ ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Kí olùkọ́ fún un ní àga, kí àwọn ọmọ sì bi í léèrè ohun tí bàbá tirẹ̀ sọ fún un nípa Kírìjì. Bí ó bá sọ ọ́, kí ẹnìkan máa kọ ọ́ bí ó ti ń sọ.

Àwọn tí ó gbọ́ ìtàn ogun náà lẹ́nu ẹni tí ó jà á kò sí mọ́. Àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ wọn ti di arúgbó. Ní Ẹ̀fọ̀n, ní Àrámọ̀kọ, ní Òkè-Ìmẹ̀sí àti ní Ìjerò, wọ́n ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń retí pé kí ọmọ kan wá bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ó di ìsinmi mìíràn, bí èmi ti sọ ọ́.

Kí olùkọ́ wa kọ̀wé sí wa padà, kí ó sọ bí Sátidé náà ti rí. Ó dìgbà ó ṣe, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa.